Ẹ Jẹ́ Kó Mu Aró Ná: Ìbéèrè Yín Lórí Ọmọ Tó Ń Kàwé Nílé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn sọ gbólóhùn kan péré níbí pé kí àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé jẹ́ kí ọmọ máa fara balẹ̀ kàwé, àṣé mo ti fọwọ́ ba ilé agbọ́n. Lẹ́tà ń wọlé káàkiri Òṣogbo wa níbí, láti Òkè-Fìà, láti Ọ̀ta-Ẹ̀fun, kódà ẹnì kan dá mi dúró ní Ọláìyá lójú pópó, ọ̀kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, ó ní Àǹtí, kí lẹ ní lọ́kàn gan-an. Mi ò lè dá gbogbo yín lóhùn, mo mú díẹ̀ níbẹ̀, èyí tó jọra mo pa wọ́n pọ̀.

*

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọmọ mi obìnrin ọmọ ọdún 8 ni mò ń kọ́ nílé, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ọkọ mi náà fọwọ́ sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, súkúù ló ń lọ, wọ́n ní ó ti ka ìwé mẹ́fà tán ní táàmù yìí, tèmi ò tíì ka ẹyọ kan tán. Tó bá ka ìpínrọ̀ kan á dúró, á béèrè ìbéèrè, á padà sẹ́yìn, á tún máa fi ìka tẹ̀lé ìlà. Ìyá ọkọ mi ti ní ṣé mi ò ní ba ọmọ àwọn jẹ́. Mo wá rí ìpolówó kan lórí fóònù pé wọ́n á kọ́ ọmọ kó máa ka ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, owó ẹ̀ sì gbópọn. Ṣé kí n san án? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òkè-Fìà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ ti wà nínú báàgì.

Ẹ gbọ́ ná. Àgbàlagbà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó jókòó tó ń kàwé sínú, ọ̀rọ̀ mélòó lẹ rò pé ó ń kà ní ìṣẹ́jú kan? Onímọ̀ kan wà ní Bẹ́ljíọ̀mù tó ń jẹ́ Marc Brysbaert, ó kó ìwádìí 190 jọ lọ́dún 2019, ohun tó bá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíi 238 fún ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, tí wọ́n bá wá ń kà á sókè kó dún létí, ó wálẹ̀ sí 183. Àgbàlagbà mà ni o! Ẹni tó wá ní òun fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún 8 kó máa ka 1,000, ohun tó fẹ́ kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé, ìyẹn sì rèé, abẹ̀bẹ̀ náà lè ṣe é. Keith Rayner, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ojú ṣe ń rìn lórí ìwé, òun àtàwọn mẹ́rin míì gbé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé kan tó jáde ní 2016, ibi tí wọ́n já sí ni pé bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni òye ń dín, kò sí ọgbọ́n kan tí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́.

Ti pé ó ń padà sẹ́yìn yẹn, èyí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ sí. Ojú èèyàn kì í ṣàn lórí ìlà bí omi, fífò ló ń fò, á bà lé ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, á fò sórí òmíràn, ìgbà míì á fò padà. Èmi àtẹ̀yin náà ń ṣe é, a ò kàn mọ̀ ni. Ní 2014 Rayner yìí àtàwọn kan ní kí àwọn èèyàn máa kàwé lórí kọ̀ǹpútà, gbàrà tí ojú bá ti kúrò lórí ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á bò ó, kí wọ́n má lè padà kà á. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ohun tí wọ́n kà ò yé wọn tó bó ṣe máa ń yé wọn. Àgbàlagbà nìyẹn o. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ ọdún 8 má padà sẹ́yìn? Ìka tó ń fi tẹ̀lé ìlà, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, fúnra ẹ̀ ni yóò gbé e kúrò tó bá yá.

Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n, ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun níbẹ̀. Ẹ ṣá mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ki Òṣogbo tí ò ní ki aró mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ki aṣọ bọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ fà á yọ, àwọ̀ ewé lẹ máa rí lára ẹ̀, kì í ṣe búlúù rárá. Ẹ̀rù bà mí nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé wọ́n ti ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Ìyá àgbà kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sá a sórí okùn, wọ́n lọ jókòó, wọ́n ń jẹ obì. Atẹ́gùn ló fẹ́ sí i, ojú mi báyìí ló ṣe ń yí padà, ewé di búlúù. Wọ́n tún kì í bọ inú ẹ̀, wọ́n tún sá a. Bí wọ́n ṣe ń kì í bọ ọ́ ló ń dú sí i. Ẹni tó bá kánjú yọ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á rí aṣọ tà lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ nígbà méjì, ó ti ṣí.

Ìbéèrè tí ọmọ yín ń béèrè láàárín ìpínrọ̀ kan sí èkejì, atẹ́gùn yẹn ni. Ẹ má gba okùn lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 29 kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ọmọ máa ń pọ̀ nínú kíláàsì débi pé tí ọmọ kan bá nawọ́ sókè tó ní "Àǹtí, kí ló dé tí ìjàpá ò fi padà wálé," mo máa ń ní jókòó, a máa dé ibẹ̀. A ò sì ní dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́, aago á ti lù, ìṣirò á ti kàn, àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀gá tó bèèrè ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè àwọn ọmọ yẹn ṣì ń jẹ mí ní gbèsè títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ nílé, ọ̀dọ̀ yín ni àkókò wà, òun nìkan lẹ fi ju súkúù lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí wọ́n ní pápá, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ọmọ á bá ṣeré, wọ́n ní tíṣà oríṣiríṣi. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń kó ìkánjú súkúù wọlé bí ẹni ń ru ẹrù ẹlẹ́rù?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Kó ka díẹ̀, ojú ewé kan tàbí méjì, kó pa ìwé dé, kẹ́ ẹ ní "ó yá, pa á fún mi bí àlọ́." Kẹ́ ẹ má dá sí i o! Kó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, tó bá fo ibì kan, ẹ jẹ́ kó fò ó, tó bá parí ẹ lè wá ní "ajá yẹn ńkọ́?" Obìnrin olùkọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charlotte Mason, 1842 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1923, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé káàkiri ayé ló ń tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀, báyìí ló ṣe ń kọ́ wọn, ọmọ á kà, á sọ ọ́ padà, iṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ gùn fún ọmọ kékeré, bíi 20 ìṣẹ́jú ti tó. Àmọ́ ìyá yẹn le o, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ọmọ ka nǹkan kó tó sọ ọ́ padà, kó lè mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fetí sílẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò kàn gbà á tán ni. Ọmọ tó bá fẹ́ padà, kó padà, kò sí ẹni tó ń lé e.

Sísọ ọ́ padà yìí kì í ṣe eré. Ní 2006, àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn ọmọ yunifásítì ní nǹkan kà. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yòókù kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló mọ̀ ọ́n jù, wọ́n ń yan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kọ ọ́ láìwo ìwé ṣì rántí 56 nínú 100, àwọn tó kàn ń kà á ṣáá rántí 42. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó fi ìwé mẹ́fà ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín da ara yín láàmú, ẹ ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. (Kẹ́ ẹ má lọ dán ọmọ yẹn wò níwájú ìyá ẹ̀ o. Mo bẹ̀ yín. Ìjà orogún dùn ju ìjà ìyàwó ilé lọ.)

Ó ku ìyá ọkọ yín. Ẹ ò sọ bóyá ilé mùsùlùmí ni, àmọ́ ní Òṣogbo níbí kò sí ilé tí wọn ò ti mọ wàláà. Tí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ ní "Mà, báwo ni àáfà ṣe máa ń ṣe é ní ilé-kéwú?" Wọ́n á sọ fún yín fúnra wọn. Àáfà á kọ díẹ̀ sí wàláà, ọmọ á máa ké e, á máa ké e, títí á fi dúró lórí, ìgbà tó bá kà á fún àáfà tí kò ṣì í ni wọ́n tó ń fọ wàláà tí wọ́n ń kọ òmíràn sí i. Kò sẹ́ni tó ń ní wàláà mélòó lo ti fọ̀ lóṣù yìí. Inú Kùránì pàápàá, súrà 73, ẹsẹ 4, kíkà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Ọlọ́run ní kí wọ́n máa kà á. Ẹ ó rí i pé ara wọn á balẹ̀, torí ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ bá wọn sọ.

*

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi méjèèjì (ọdún 7 àti 9) máa ka Yorùbá nílé torí wọn ò kọ́ ọ dáadáa níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí a tó yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ka Yorùbá, ìgbín yára jù wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà fàà. Ìyàwó mi ní ká fi Yorùbá sílẹ̀ kó má di pé wọ́n á kórìíra ìwé. Bàbá àwọn ọmọ, Ọ̀ta-Ẹ̀fun.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú akitiyan. Mi ò fara mọ́ ohun tí ìyàwó yín sọ lórí èyí, kí wọ́n má bínú sí mi.

Yorùbá ò ṣe é kà fàà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ẹ kọ i-g-b-a sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ẹ ní kí wọ́n kà á. Ṣé igba tí í ṣe iye owó ni, àbí igbá tí wọ́n fi ń bu omi, àbí ìgbà tí a wà yìí, àbí ìgbá tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú iyọ̀, àbí igbà tí ọ̀kọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ? Márùn-ún ti jáde nínú lẹ́tà mẹ́rin. "Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀," ẹ yọ àmì kúrò lórí ẹ̀, ó di ọkọ mi gbé ọkọ sínú ọkọ, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ọmọ tó bá ń ka Yorùbá gbọ́dọ̀ dúró wo òkè ọ̀rọ̀, wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, kó wo ohun tó wà níwájú, kó tó mọ èyí tí wọ́n ń sọ, àwa àgbà gan-an là ń ṣe é tí a bá ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì lórí Facebook, a máa kà á lẹ́ẹ̀mejì ká tó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń kọ́ ọmọ ní ìfarabalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn ra ìwé tó ní àmì pípé fún wọn, tí kò gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ dò-rè-mí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kí wọ́n máa fi ìlù tábìlì sí i tí wọ́n bá fẹ́, èmi ò bínú sí ariwo.

Ẹ tún jẹ́ n bi yín, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kà fàà yẹn, ṣé ó ń yé wọn? Ọmọ kan ń kàwé fún mi nígbà kan, ọmọ tó mọ̀wé kà gan-an, ó ka ibì kan pé apẹja jókòó sétí odò ó ń tún nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe. Kíkà yẹn dùn létí! Mo ní kí ló dé tó fi ń tún un ṣe? Ó ní nítorí ẹ̀fọn odò, Mà. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń sùn nílé wọn ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọ̀n ni. Ó kà á, kò já, kò fọ́ síbì kankan, tí mi ò bá dá a dúró, ẹ̀fọn lá máa wà nínú ìtàn yẹn títí di òní. Ní 1986, Gough àti Tunmer ṣàlàyé kíkàwé bí ẹni ṣe ìṣirò: mímọ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà, ẹ fi òye èdè sọ ọ́ di púpọ̀. Ìlọ́po ni wọ́n pè é o, kì í ṣe àròpọ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ òfo, ohun tó máa jáde, òfo ni, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó. Èdè tí òye ọmọ yín wà sì ni èdè tẹ́ ẹ fi ń pè é jẹun.

Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ti aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá le kó di tèmi.

*

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rọ̀ sùúrù yín yìí dùn létí, ṣùgbọ́n JAMB ò ní sùúrù. Ọmọ mi ọdún 15, ilé ló ti ń kàwé, á ṣe WAEC ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ súkúù, á sì ṣe JAMB. Tó bá ń fara balẹ̀ níbẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì? Ẹni tí ń fẹ́ òótọ́, Alékúwodò.

ÌDÁHÙN: Ha! Ẹ ò jẹ̀bi. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì, ẹ pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ń tọ́jú gbólóhùn bí ẹni ń yan ẹran níbẹ̀, á gbọ́ "time up" ní ìbéèrè 90. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ni kèèyàn máa fara balẹ̀ kà. Ta ló ń fara balẹ̀ ka ẹ̀yìn páálí ọṣẹ? Ọmọ ọdún 15 gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó sáré, kẹ́ ẹ ra ìbéèrè àtijọ́, kẹ́ ẹ gbé aago sílẹ̀, kó máa sáré ẹ̀ nílé, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ìyẹn ìmúrasílẹ̀ ìdánwò ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ kíkà.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí eré yẹn ti ń wá. Ọmọ tó ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé nígbà ogún, tó dúró tì í, tó béèrè ẹ̀, kò ní dúró mọ́ tó bá tún rí i, ojú ẹ̀ á kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni kí ará àdúgbò. Èyí tí kò pàdé ẹ̀ rí ló máa mú un dúró, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò sì ni yóò ti dúró. Ìwé ìtàn tí JAMB máa ń ní kí wọ́n kà náà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ra ìsọnísókí ẹ̀ lójú ọ̀nà, ojú ewé mẹ́wàá, wọ́n á há a. Ẹ jẹ́ kí tiyín ka odindi ẹ̀, orí kan lálẹ́, kẹ́ ẹ jọ máa bá àwọn èèyàn inú ẹ̀ jà. Kò ní nílò àtihá nǹkan kan.

*

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi pé ọdún 10. Tí mo bá kàwé fún un, gbogbo ẹ̀ ló ń yé e, á tún máa fi sọ̀rọ̀ fún bàbá ẹ̀. Tí òun fúnra ẹ̀ bá ń kà á, ìyà ni. B àti D ṣì ń dàrú mọ́ ọn lójú, ọ̀rọ̀ tó kà lókè ojú ewé kò ní mọ̀ ọ́n nísàlẹ̀, orí á máa fọ́ ọ. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ tó ń lọ́ra dára, mo wá fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ìyá ẹ̀, Òkè-Baálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fọkàn balẹ̀ lórí èyí o, Ìyá. Lẹ́tà yín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dáhùn nínú gbogbo ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ó gba pé kí n sọ tàwọn yòókù kí ìyàtọ̀ lè hàn ni. Ọmọ tó dúró láti ronú yàtọ̀ sí ọmọ tó há. Ọmọ Òkè-Fìà tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tó bá dúró, ìbéèrè ló ń jáde. Tiyín, òógùn ló ń jáde.

Ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò, orí fífọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, bóyá jíǹgí lásán ló nílò. Kí wọ́n wo etí ẹ̀ náà. Tí méjèèjì bá dára, àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn pé ṣánṣán, tí òye wọn jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà àti ìró kì í tètè so pọ̀ nínú orí wọn, dyslexia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pàṣán kọ́ ọ, ẹgba ò lè so lẹ́tà mọ́ ìró. Àwọn tíṣà tó kọ́ iṣẹ́ yìí wà, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ìró kan, lẹ́tà kan, lójoojúmọ́, títí yóò fi di mọ́nú. Ẹ wá wọn kàn.

Kí wọ́n tó rí ibi tí ó ti ń ṣe é, ẹ má dáwọ́ kíkà fún un dúró. Ìṣirò ìlọ́po tí mo bá Bàbá Ọ̀ta-Ẹ̀fun ṣe lókè yìí, ẹ̀gbẹ́ òye ti ọmọ yín pọ̀ dáadáa, ẹ máa bọ́ ọ kó má rù. Ẹ kọ̀wé sí mi tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà.

*

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, Ọjà Ọba ni mo ti ń ta ata, àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi látàárọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ wọn. Ariwo pọ̀. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ìfarabalẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ má wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ò ní rí i. Ọwọ́ ọjà máa ń dẹ̀ lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, 15 ìṣẹ́jú ti tó yín, kí ẹ̀gbọ́n kà á sókè, kí àbúrò sọ ọ́ padà fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń to ata. Ẹ ò tiẹ̀ nílò àtimọ̀wé tó wọn láti mọ̀ bóyá ìtàn já, ẹnu tó bá ń há lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tó bá dúró gbọ́ ìtàn náà, ẹ fún un ní ènì.

*

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán Mà. Ọmọ ọdún 12 ni mí, Màmá mi ló ń kọ́ wa nílé ní Ayétòrò. Mò ń ka ìwé ìtàn kan nípa ọmọ kan tó mú ẹyẹ, tó sìn ín, tó wá tú u sílẹ̀. Àbúrò mi ti kà á tán ní ọjọ́ méjì, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lọ́ra, ó sì ti sọ ìparí ẹ̀ fún mi. Inú ń bí mi, kò wù mí kà mọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Ìwà tí àbúrò ẹ hù kò dáa, kì í ṣe nítorí pé ó yára kà á o, nítorí pé ó já èso orí igi ẹlòmíì ni. Sọ fún Màmá, kì í ṣe ẹjọ́ ni o, kí wọ́n kàn bá a sọ̀rọ̀.

Má dá ìwé yẹn padà sórí pẹpẹ. Wá ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́, tìẹ, kọ ọ̀rọ̀ kan tó bá wù ẹ́ níbi tí o kà dé síbẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀kan péré, àti ohun tí o rò pé ọmọ inú ìwé yẹn ń rò àmọ́ tí kò sọ jáde. Èmi náà ní irú ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí ẹ, èkúté ló jẹ ẹ́.

O sọ pé ìparí ni ó sọ fún ẹ. Ó dáa, o ti mọ̀ pé ó tú ẹyẹ sílẹ̀. Bi àbúrò ẹ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí ọmọ yẹn fi tú u sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wàhálà tó ṣe lórí ẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣáà padà sí ibi tí o kà dé. Tí o bá ti rí ìdí ẹ̀, kọ̀wé sí mi, mi ò tíì ka ìwé yẹn.